Dókítà Adijú-gbọ́rọ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ariwo rẹ ara wọn sílẹ̀, ẹ lọ sí ìpínlẹ̀ Vermont, kí ẹ béèrè Dókítà Leland Prewitt. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ̀, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó fá orí kodoro, ó di ojú méjèèjì, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni." Léraléra ló dá àwòrán náà padà fún ẹni tó yà á, ó ní imú òun kò hàn tó.

Iṣẹ́ méjì ló dà pọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀: ìṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, àti ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ṣe oore, ẹni tó sunkún wọlé tọ̀ wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín jáde. Ti Dókítà tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Bí aláìsàn bá ti la ẹnu báyìí, Dókítà á ká ẹsẹ̀, á di ojú, á máa mí kanlẹ̀. Bí ẹni náà bá sọ tiẹ̀ tán, á la ojú, á ní, "Mo gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ mi." Ọ̀rẹ́ mi ló ń pe gbogbo wọn. Àwọn náà á máa sọ láàárín ara wọn pé, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń mí! Ìrora wa ló ń fà símú yẹn."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé: kí Ìyá Setsuko Onda, olórí tẹ́ńpìlì Búdà tó wà lórí òkè, fi í jẹ olùkọ́ ìṣàrò. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì ga ju àga lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Dókítà ò lè fi "Olùkọ́" kún orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lọ tẹ oyè náà sára ife àti fìlà tó fẹ́ tà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó fẹ́ jẹ olùkọ́ á jókòó níwájú ìjọ, á mú ọ̀pá oparun lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni sì lè bi í ní ohunkóhun. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹni tó béèrè á fi tẹrí ba pé ìdáhùn tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá á lu agogo pé ètò ti parí.

Dókítà kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti fún ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mẹ́ta ní ìbéèrè tí wọn ó bi òun, ó sì fi òru mọ́jú há ìdáhùn wọn sórí.

Ọjọ́ pé, ilé kún. Ẹni kìíní dìde.

"Ta ni ẹ̀yin?"

"Ihò inú fèrè," ni Dókítà dáhùn. Ẹnu ya gbogbo ilé.

Ẹnì kejì béèrè ibi tí ìyà ń lọ nígbà tó bá tán. "Ibi tí òjò àná lọ." Obìnrin kan nu ojú nù.

Ó wá kan Chet, ọmọlẹ́yìn kẹta, ẹni tí Dókítà fún ní ìbéèrè tó dùn jù lọ. Àmọ́ Chet ti ká ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù láti àárọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú tì í. Ó gbé ìdí sókè, ó sì ṣubú lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí.

"Ẹ jẹ́ kí ìyẹn sinmi," ni Ìyá Onda wí. "Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, ọwọ́ rẹ ti wà lókè tipẹ́. Dìde."

Doreen Halvey ló dìde, awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé, tó ti ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

"Dókítà, ẹ má bínú, mi ò mọ ìbéèrè ńláńlá. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo sọ ohun kan fún yín tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ ní ẹ gbọ́. Àtìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ náà síta o. Ẹ ṣáà sọ ẹni tó kàn fún mi, kí n lè mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́ ọ."

Gbogbo ojú yí sí Dókítà.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Dókítà wí, "ta ní ń sọ̀rọ̀? Ta ní ń gbọ́?"

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni mo ń sanwó fún kẹ́ ẹ gbọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọkọ rẹ ni," ni Dókítà wí.

"Mi ò lọ́kọ rí."

"Ọkọ ti inú ẹ̀mí ni mo ń wí! Ó dáa, ìyá rẹ."

"Màmá mi ló jókòó tì mí yìí."

Arúgbó náà juwọ́ sí i. "Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Ajá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà..."

"Ajá kẹ̀?"

Òógùn bo orí kodoro. Dókítà wo Ìyá Onda, Ìyá Onda ń wo òkè àjà. Kò lè dìde, torí Doreen kò tíì tẹrí ba. Ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá le: ó ká ẹsẹ̀ dáadáa, ó di ojú, ó ní kí òun ronú sí i díẹ̀. Ìjọ dúró dè é. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún mí, èyí sì dún díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e jáde bí ayùn tó ń gé igi tútù.

"Ó ti sùn o!" ni màmá Doreen pariwo.

"Bó ṣe máa ń mí nìyẹn," ni Doreen wí. Ohùn rẹ̀ ti ń fọ́. "Láti ọdún mẹ́fà. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é."

"Àbí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà?" ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Mo rò pé èmi nìkan ló ń mí fún!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Doreen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, inú sì bí i, nítorí ohun tó fi pamọ́ fún ogójì ọdún, ògiri ló lọ sọ ọ́ fún.

Ìyá Onda dìde. Ó rọra yọ ọ̀pá oparun kúrò lọ́wọ́ Dókítà, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ níwájú obìnrin náà.

"Sọ ọ́ sí mi létí," ló wí. "Mo la ojú."

Doreen bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ohun tó sọ kì í ṣe tiwa. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìhanrun Dókítà nìkan ló ń lọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Ìyá Onda di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Doreen nu imú. Ó wá tẹrí ba fún un.

Ìyá Onda padà síwájú, ó lu agogo.

Dókítà ta jí. Ó na ọrùn, ó wo aago ara ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí odindi ìjọ.

"Àkókò wa ti tó, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. "Ká máa bá a lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."