Ọjọ́ tí Ògúngbèmí Fẹ́ Rìn Lójú Omi

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mi orí yẹn, ẹ rọra. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bá ẹni tó fo àgbà kọjá wí, ẹ sì rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Inú ọṣẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, àti inú agídí ọkùnrin kan báyìí.

Obìnrin kan wà ní Abàtàdé, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Ẹlẹ́bùú. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ọṣẹ dúdú ló ń sè. Bí Àwẹ̀ró bá po eérú mọ́ àdín, tó rò ó títí tó fi dì, ọṣẹ tó bá ti inú ìkòkò yẹn jáde, ó lè fọ ẹ̀gàn kúrò lára ènìyàn. Àmọ́ ohun tó bá dára, kì í pẹ́ kí wọ́n tó ṣe ayédèrú rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ mọ́ ọṣẹ, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n ní ọṣẹ Àwẹ̀ró ni. Ẹni tó bá fi wẹ̀ á jáde nílé ìwẹ̀ bí ẹni tó lọ rẹ́ ilé bọ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ dúró lójú ọjà, ó pariwo pé, "Àwẹ̀ró, ọṣẹ rẹ ti sọ ọmọ mi di ìkòkò!" Ẹkún ni Àwẹ̀ró sun dé ilé lọ́jọ́ náà.

Ó ronú, ó dán èyí wò, ó dán tọ̀hún wò. Nígbà tó yá, ó bu omi sínú àwo, ó fi abẹ́rẹ́ ra irun orí rẹ̀ tí òróró wà, ó sì rọra tẹ́ abẹ́rẹ́ náà sójú omi. Kò rì! Ó sùn gbalaja síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun lórí ẹní. Àwẹ̀ró tẹjú mọ́ ọn, ó rí i pé ojú omi tẹ̀ wọnú díẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà, bí awọ tí nǹkan wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Áà! Omi náà ní awọ."

Ó wá po ọṣẹ tirẹ̀ mọ́ omi nínú igbá, ó ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó kán sínú àwo lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀kán kìíní, abẹ́rẹ́ mì. Ẹ̀kán kejì, ó sún. Ẹ̀kán kẹta, ó rì. Ó da omi náà nù, ó fọ àwo, ó bu òmíràn, ó dán ọṣẹ alámọ̀ wò. Ẹ̀kán mẹ́wàá, ẹ̀kán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Bó ṣe di ẹni tó ń wọn ọṣẹ fún gbogbo àgbègbè nìyẹn. "Ọṣẹ gidi a máa dẹ awọ omi," ni yóò wí, yóò sì máa ka ẹ̀kán. Ìletò mẹ́fà ló ń gbé ọṣẹ wá bá a. Baálẹ̀ gbọ́, ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, létí odò, lójú gbogbo ayé, òun yóò fi Àwẹ̀ró jẹ Ìyálọ́ṣẹ.

Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Ògúngbèmí, ọkọ rẹ̀. Ògúngbèmí sanra, bó bá jókòó sórí àpótí, àpótí á kígbe. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí ọ̀rọ̀ oyè ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́nà oko, "Ọkọ Ìyálọ́ṣẹ, ẹ kú iṣẹ́ o!" Lábẹ́ igi odán, "Ọkọ Ìyálọ́ṣẹ, ẹ wá jókòó!" Ìkíni yẹn ń ta á bí ìjàlọ.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti àwo abẹ́rẹ́.

"Àwẹ̀ró, ṣé irin kọ́ nìyí?"

"Irin ni, baálé mi."

"Irin ń sùn lójú omi?"

"Bó bá kéré, tẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́."

Ògúngbèmí gbọ́ "jẹ́jẹ́". Kò gbọ́ "bó bá kéré".

Láti ọjọ́ náà, odò ló ń lọ. Ó ń wo ìròmi bí wọ́n ṣe ń sáré lójú omi láìrì. Ó gbé ìgbín ka orí ewé kókò, ó tì í sójú omi, ewé gbé e lọ. Ó lu àyà rẹ̀, ó ní, "Ìgbín gbé ilé rẹ̀ dání, kò rì. Èmi tí mo fi ilé sílẹ̀ ńkọ́?" Ó gbẹ́ pákó pẹrẹsẹ méjì tí yóò so mọ́ ẹsẹ̀, ó sì tọ́jú àdín ìkòkò kan.

Ọjọ́ ọjà pé. Baálẹ̀ jókòó létí odò pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, níbi tí omi ti ya wọnú ilẹ̀ tó sì dákẹ́ bí adágún. Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to àwo rẹ̀ ni Ògúngbèmí yọ, pákó lẹ́sẹ̀, àdín ń dán lára rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé èjìká, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa! Ìyàwó mi ń wọn omi fún abẹ́rẹ́. Lónìí, èmi yóò wọ̀n ọ́n fún ènìyàn. N ó rìn dé òdìkejì, n ó sì padà kẹ́ ẹ tó jẹ obì yín tán."

Àwẹ̀ró gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn omi yìí. Ìkòkò ọṣẹ mẹ́jọ ni mo fọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀. Ṣé ẹ rí ìròmi kan ṣoṣo níbẹ̀? Omi yìí ò lawọ mọ́. Abẹ́rẹ́ pàápàá ò ní dúró."

"Ta ni ọkọ nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé ọkọ á wá máa dúró de abẹ́rẹ́?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé omi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ ẹyin. Ó gbé tòsì. Jàbú! Omi fò sókè, ó wẹ Baálẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ bo gbogbo ibẹ̀. Ẹmẹ̀wà Baálẹ̀ sáré di Ògúngbèmí lápá, àdín yọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà wọmi. Ọ̀tún Baálẹ̀ di ẹmẹ̀wà mú, Òsì Baálẹ̀ di Ọ̀tún mú, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ di Òsì mú láṣọ. Etí odò tó ti kún fún ọṣẹ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n tò wọ odò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Nínú ìfófòó náà, Ògúngbèmí ń dágbére fáyé. "Mo kú o! Kí ẹ̀gbọ́n mi wa iṣu ìhà òkè! Àwẹ̀ró, dárí jì mí, ìwọ lo mọ omi!"

Àwẹ̀ró ti bẹ́ wọnú odò pẹ̀lú ẹkún. Ó rìn, ó rìn, omi kàn án láyà, kò sì kọjá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn kúkúrú sì ni Àwẹ̀ró. Ẹkún dá lójú rẹ̀. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Baálé mi, ẹ na ẹsẹ̀ yín."

"Mi ò lẹ́sẹ̀ mọ́!"

"Ẹ nà án, ẹ jọ̀ọ́."

Ògúngbèmí nà án. Igbe rẹ̀ dá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dìde, títí omi fi mọ sí ìdodo rẹ̀.

Baálẹ̀, tí ìfófòó dúró lórí rẹ̀ bí fìlà funfun, bi í pé, "Ògúngbèmí, kí lo tẹ̀ yẹn?"

"Iyanrìn ni, Baálẹ̀."

"Ṣé omi kọ́ lo ní o fẹ́ tẹ̀?"

Ògúngbèmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú tì í. Ó wá gbé àyà sókè. "Baálẹ̀, ká má purọ́ mọ́ra wa. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò kàn pẹ́ ni. Omi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, kí n tó tẹ iyanrìn!"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi tún ṣubú sómi. Nígbà tó mí délẹ̀, ó ní, "Ẹ fún mi ní ewé oyè. A ò tún ní í wọn abẹ́rẹ́ kankan lónìí. Èyí tó tóbi jù ní Abàtàdé ti rì lójú wa." Inú omi níbẹ̀ ló ti fi Àwẹ̀ró jẹ Ìyálọ́ṣẹ, Ògúngbèmí ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá tọ bàbá ọmọge lọ láì tíì bá ọmọge fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí bí àlejò bá wọlé tí kò kí onílé, àwọn ará Abàtàdé á kàn wò ó, wọ́n á ní, "Ọ̀rẹ́, rántí Ògúngbèmí. Kí là á kọ́kọ́ tẹ̀?" Ògúngbèmí alára ńkọ́? Títí tó fi darúgbó, kò gbà pé òun rì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó rì, Ògúngbèmí yóò dìde dúró, yóò sì tún un sọ fún un, pẹ̀lú ìbúra, pé omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn.