Ọ̀gá Kóòdù àti Ojú Méjèèjì

Ẹ wo Ọ̀gá Kóòdù bó ṣe ń wọ ilé ìwòsàn ojú. Bírò mẹ́ta ló wà lápò àyà rẹ̀, ó sì ń rìn bíi pé òun ló dá ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ohun tí dókítà kọ, kó fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí iléeṣẹ́ adójútòfò lè mọ iye tí wọ́n máa san.

"Àìsàn tí mi ò bá tíì fún ní nọ́ńbà," ló máa ń wí, "kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni."

Baba Nọ́ńbà, asọ-ipin-degbò! Bí kòkòrò bá kó àpólò ranni, tójú pọ́n, tó yọ ipin, oògùn ìkánsójú ló parí ẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀gá wa, á di egbò inú ẹyinjú. Bó bá jẹ́ ojú kan, á sọ ọ́ di méjì, torí ojú méjì ń pa owó ju ẹyọ kan lọ, ilé ìwòsàn sì ń bù fún un níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó kúkú ju èje lọ.

Lọ́jọ́ tí dókítà iléeṣẹ́ adójútòfò, obìnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, wá wo iṣẹ́ wọn, káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Aláìsàn kún gbọ̀ngàn.

"Ẹ dákun sà, ojú kan ló ń dun ọkọ mi," ìyàwó sọ fún Ọ̀gá Kóòdù. "Ìwé yín ní egbò wà nínú méjèèjì. Ibi iṣẹ́ ti lé e wálé, wọ́n láwọn ò lè fún afọ́jú ní ayùn. Bí kò bá padà lọ́la, wọ́n á gba ẹlòmíì."

"Màdáámù, àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbí, inú ìwé lọ̀rọ̀ wà."

Káfíńtà tọ́ka sí ojú ọ̀tún rẹ̀ tó pọ́n. "Èyí nìkan ni sà. Ó tiẹ̀ ti ń san."

Dókítà adójútòfò gbórí sókè. "Tòsì ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Tòsì gan-an ló le jù," Ọ̀gá Kóòdù dáhùn, ó gbóhùn sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Ọyún kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ èmi."

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà forí dá a lóhùn pé kó ṣe é. Ọkùnrin náà bá fọwọ́ yọ ojú òsì, ó fi áńkáṣífù nù ún, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Ọ̀gá. Gíláàsì ni.

"Ẹ bá mi wá ọyún náà sà," ó ní.

Ìyá kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbè é. Dókítà adójútòfò kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó ìwé gbogbo aláìsàn tí wọ́n kọ ojú méjèèjì fún wá fóun, kí Ọ̀gá sì kọ́kọ́ tún ti káfíńtà kọ lójú gbogbo èèyàn, kó lè wọṣẹ́ lọ́la.

Ọ̀gá Kóòdù mú bírò. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó tún gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó rọra sọ fún káfíńtà, "ẹ bá mi gbé e kúrò níbí. Ó ń wò mí."