Ìran Àjà Kejìlélógún

Yàrá ìgbàlejò kan ní àjà kejìlélógún, òfìfo yàtọ̀ sí tábìlì kan, ó ń dán bí eyín ẹni tí kì í jẹ nǹkan líle. Ejẹ́ńtì tó ń ta ilé náà dúró láàárín yàrá pẹ̀lú táì pupa àti ẹ̀rín tó jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ti na téèpù rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń wọn ilé.

“Màmá, ìwọ̀n ilé wà nínú ìwé tí mo fún yín.”

“Mo rí i. Àwọn oníbàárà mi náà máa ń mú ìwọ̀n ara wọn wá láti ilé. Mo ṣì máa ń wọ̀n wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò ju orúnkún lọ. Ọdún mẹ́rin rèé tí orúnkún ọkọ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Pẹtẹ́ẹ̀sì ni ilé wọn: ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nísàlẹ̀, yàrá lókè, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún láàárín. Bàbá kì í sọ̀ kalẹ̀ láìdi ọ̀pá mú, kì í sì í gòkè láìkérora. Nítorí náà, ohunkóhun tí bàbá bá fẹ́, ìyá ló ń gbé e lọ bá a: omi mímu, ìwé ìròyìn, awò tó fi máa ka ìwé ìròyìn, àti ìrọ̀rí tó máa fi ẹ̀yìn tì nígbà tó bá ń kà á.

“Ẹ ti rí ìyọnu náà,” ni Ejẹ́ńtì wí. “Níbí yìí, lífíìtì mẹ́rin la ní.”

“Ẹyọ kan la ní nílé. Òun ló dúró níwájú rẹ yìí.”

Ejẹ́ńtì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìgbádùn ilé náà bí ẹni ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ tó yege ìdánwò. Ó ní ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn onílé. Ìyá Aránṣọ béèrè bóyá ọwọ́ ń dun àwọn onílé náà ni.

“Rárá, Màmá. Kí wọ́n má baà ṣe wàhálà ni.”

“Ilẹ̀kùn ni wàhálà wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn.”

Ejẹ́ńtì ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí èébú. Ó ṣe àmín, ó sì bọ́ sórí aṣọ fífọ̀. “Ẹ ò tún ní fọṣọ mọ́. Ẹ kàn máa gbé e síwájú ilẹ̀kùn ni. Á padà wá bá yín ní fífọ̀, ní lílọ̀, ní kíká.”

“Èyí tó bá ya ńkọ́?”

“Aṣọ àwọn tó ń gbébí kì í ya, Màmá.”

“Ṣé wọn kì í jókòó ni?”

Ejẹ́ńtì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sọ ti yàrá eré ìdárayá, ó sọ ti ẹni tó máa ń wá pààrọ̀ gílóòbù iná tó bá jó. Ìyá Aránṣọ ní gbogbo rẹ̀ dára, pé ibo ni òun máa gbé máṣíìnì òun sí.

Ẹ̀rín Ejẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀ ní àjà bíi mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin ilé kò gba iṣẹ́ ọwọ́ nínú yàrá. Máṣíìnì ń pariwo, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́ ọ. Àti pé àwọn oníbàárà ò lè máa gbé ìdì aṣọ gba iwájú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn kọjá. Ní kúkúrú, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó wà lórí tábìlì yẹn, ṣọ́ọ̀bù ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fọwọ́ tì pa.

Ìyá Aránṣọ wo ìwé náà títí. Bí aránṣọ bá fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tí kò ní àlékún, bó ṣe máa ń wò ó nìyẹn.

“Àwọn ìyàwó mẹ́ta ló ń retí aṣọ wọn ní oṣù tó ń bọ̀,” ló wí, bí ẹni tó ń bá téèpù sọ̀rọ̀. Ó ká téèpù náà mọ́ ọwọ́. “Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ ti fẹ́ orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ò kúkú mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìsàn. Mú bírò wá.”

Ejẹ́ńtì tó bá gbọ́n, ibí ló yẹ kó ti panu dé kó mú bírò wá. Ṣùgbọ́n èyí ti há ọ̀rọ̀ ìpolówó rẹ̀ sórí dé ìparí, kò sì lè fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ má tíì fọwọ́ sí i, Màmá. Ẹ ò tíì wo ìran.”

“Mo ti wò ó. Ojú ọ̀run ni. Ó wà lórí ilé tiwa náà.”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni mò ń sọ. Ilé kọ́ là ń tà níbí, ìran là ń tà.” Ó fà á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ jáde sí bákónì, níbi tí awò gígùn kan ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. “Awò yìí ń fa ohun tó jìnnà wá sí imú ẹni. Bí èèrà méjì bá ń jà ní títì, ẹ máa mọ èyí tó jẹ̀bi.”

Kí Ejẹ́ńtì lè jẹ́ kí òun sinmi, Ìyá Aránṣọ fi ojú kan sí i. Ó kọ́kọ́ rí òrùlé àwọn ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ló rí ilé ìtajà oògùn tó wà ní ìkóríta wọn, àmì rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ò ṣeé ṣì mọ̀. Ó yí awò náà díẹ̀, ó rí páànù tiwọn, ó rí ẹ̀yìnkùlé, ó rí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun tí òun fúnra rẹ̀ sá sórí okùn láàárọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí bí ó ṣe funfun tó.

 Lójijì, ó gbé ojú kúrò, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú awò náà, ó sì tún wò ó.

“Ọmọ mi,” ló wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, “ojú àgbà ni tèmi. Wá bá mi wo ẹ̀yìnkùlé tí aṣọ funfun wà yẹn. Kí lo rí?”

Ejẹ́ńtì tẹ́rí ba mọ́ awò. “Mo rí bàbá àgbàlagbà kan, Màmá. Ṣòkòtò onílà ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ń sáré.”

“Wọ́n ń rọra rìn, àbí?”

“Eré ni, Màmá. Eré gidi. Àgbà kì í sáà sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e.”

“Kí ni wọ́n ń lé?”

“Bọ́ọ̀lù.”

 Ejẹ́ńtì ń bá ìròyìn lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ mọ́: bàbá ti gbá bọ́ọ̀lù yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká, ó ti tan àga kan jẹ, ó ń lọ síbi góòlù. Ìkòkò òdòdó ni òpó góòlù kan. Ìkejì jẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tó wà lẹ́yìn wọn ni àwọ̀n.

“Ó ti wọlé, Màmá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ò bá rí i. Ẹrẹ̀ ti bá aṣọ funfun yẹn, ṣùgbọ́n góòlù gidi ni.” Ejẹ́ńtì ti tú táì rẹ̀. “Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yọ̀. Wọ́n na apá bí ẹyẹ, wọ́n sáré, wọ́n fi orúnkún gúnlẹ̀, wọ́n yọ̀ geere lórí koríko.”

“Orúnkún wo?”

“Méjèèjì, Màmá.”

Atẹ́gùn fẹ́ kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá Aránṣọ ṣàtúntò kọ́là aṣọ rẹ̀.

“Ṣòkòtò yẹn, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ fèrèsé yàrá wa ni mo fi rán an. Rọ́bà ni mo fi sí ìdí rẹ̀, kí ó má baà máa jìyà àtidi okùn.”

Láti àárọ̀, “wọ́n” ló ń pe ọkọ rẹ̀. Ejẹ́ńtì gbọ́ “ó” yẹn, òógùn sì bò ó, nítorí ó ti rí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó gbìyànjú. Ó ní ó lè jẹ́ pé oògùn tuntun ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Màmá ti jáde. Ó ní dókítà lè ti sọ pé kí bàbá máa na ẹsẹ̀. Nígbà tí kò rí ìrànlọ́wọ́ lójú rẹ̀, ó ní bóyá olè ni.

“Olè wọlé mi, ó kọ máṣíìnì, ó kọ tẹlifíṣọ̀n, ó wọ ṣòkòtò ọkọ mi, ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù.”

“Àwọn olè ayé ìsinsìnyí, Màmá.”

Ìyá Aránṣọ yọ fóònù. “Ìwọ máa wò ó. Èmi á máa bá a sọ̀rọ̀.”

Fóònù dún. Ejẹ́ńtì ní bàbá ti dúró gbagidi. Ó ti fọwọ́ bọ àpò. Ó ti rí orúkọ ẹni tó ń pè.

“Wọ́n ti dùbúlẹ̀, Màmá.”

“Níbo?”

“Lórí koríko níbẹ̀. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù ṣe ìrọ̀rí.”

Olóòótọ́ ènìyàn ni bàbá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ béèrè ibi tó wà, ó ní orí ìdùbúlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí òwú tó fẹ́ já. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti jáde, òun ò tíì lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ìyá Aránṣọ kí i pẹ̀lẹ́. Ó béèrè ohun tó ń jẹ́ kó máa mí hẹlẹ bẹ́ẹ̀, bàbá sì ní bí ìrora ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti wọ egungun. Lẹ́yìn náà ni bàbá wá béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé. Ó ní kó má fi falẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn ilé yìí ló fẹ́ pa òun. Ó ní nípa ti ṣọ́ọ̀bù, kó má bínú, kí ó fi máṣíìnì yẹn ta ẹnì kan lọ́rẹ, gbogbo wa la máa fi nǹkan kan sílẹ̀ nítorí ìlera.

“Ẹsẹ̀ kan ti gun ara èkejì, Màmá,” ni Ejẹ́ńtì sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Wọ́n ń mì í.”

Ìyá Aránṣọ fi fóònù sáàárín etí àti èjìká, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ran etí aṣọ. Ó mú ìwé náà kúrò lórí tábìlì, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ àpò àyà Ejẹ́ńtì láìya á, láìrún un. Ejẹ́ńtì wo àpò náà bí ẹni tí wọ́n sin ẹbí rẹ̀ síbẹ̀. Ó bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

“O ti ṣe gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Ìran lo ní ò ń tà. Mo ti wò ó yó.”

Ó padà sórí fóònù. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ nílé, pé oníbàárà mẹ́ta ń bọ̀ wá wọn aṣọ ní ìrọ̀lẹ́, kó bá òun gbé ìdì aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀ kí òun tó dé. Bàbá kérora. Ó bi í pé orúnkún wo ni òun fẹ́ fi ṣe é.

“Èyí tí ẹ fi yọ̀ lórí koríko. Góòlù yẹn dára o, Dádì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kẹ́ ẹ fi gbá a, bọ́ọ̀lù ò bá má kan aṣọ tí mo sá.”

 Ejẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ awò.

“Wọ́n ti fò dìde. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n ń wo orí ìgànnà. Wọ́n ń wo abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì.” Ó gbé èémí mì. “Màmá, wọ́n ti gbójú sókè ọ̀run. Wọ́n ti kúnlẹ̀. Wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu.

“Dádì, ẹ má tíì yọ Ọlọ́run lẹ́nu. Àdúrà yín ò tíì kọjá àjà kejìlélógún.”