Ẹja Amẹ́ríkà Nínú Pọ́ńdù Mísbáù

Àìsàn tó ń ṣe Mísbáù ní àdúgbò Ailegun kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè sọ pé "mi ò mọ̀." Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀nà ọ̀run, á júwe rẹ̀, á tún sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀.

Nígbà tó gbẹ́ pọ́ńdù sẹ́yìn ilé, tó kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀, àwọn tó ti sin ẹja rí fẹ́ gbà á nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, gbogbo ẹ̀ wà lórí fóònù òun. Agbójú-lé-fóònù sì rèé, ara rẹ̀ ló fi ń fún òṣì ta.

Salimat ìyàwó rẹ̀ ló lọ bẹ Alhaja Bàṣírátù, tó ń yan ẹja tà ní Bọ́ládé, pé kó ra gbogbo ẹja náà tí wọ́n bá dàgbà. Alhaja gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já Alhaja kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní bá a dòwò mọ́ láyé.

Kò pé oṣù méjì tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Kò sí òkú, kò sí eegun. Ẹlòmíì á bi aládùúgbò, fóònù ni Mísbáù bi. Fóònù fi ẹja burúkú kan hàn án tó ya wọ àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà: ó gùn bí ejò, ẹnu rẹ̀ rí roboto, eyín yí i ká. Á lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn lára, á máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu títí yóò fi kú. Ó ba iṣẹ́ àwọn apẹja ibẹ̀ jẹ́ kí ìjọba tó fi ìdènà, pàkúté àti oògùn kápá rẹ̀.

"Òun náà ló wà níbí," ni Mísbáù wí.

Salimat bi í pé báwo ló ṣe dé Ailegun. Ó ní ojú gọ́tà ló gbà. Ẹ ò rí nǹkan: àwa ń wá físà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun gba gọ́tà wá sọ́dọ̀ wa.

Bí ìdènà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fi àwọ̀n onírin dí ojú páìpù tó ń gbé omi ẹ̀yìn ilé lọ sí gọ́tà, omi òjò kò ríbi lọ, ó wọ ilé ìdáná Adébánjọ, aládùúgbò rẹ̀. Ó dẹ pàkúté, ó mú ọ̀pọ̀lọ́ méjì. Ó ní ẹja náà gbọ́n ni. Adébánjọ, tó ti sin àrọ̀ rí, rọra bi í bóyá ó ń ṣa àwọn ẹja náà, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja lèmi ń sìn, kì í ṣe ẹ̀wà."

Ọjọ́ tí wọ́n máa ta ẹja pé. Alhaja dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù méjìlá. Wọ́n fa omi pọ́ńdù gbẹ. Ẹja méje ló kù, wọ́n sanra bí ọmọ ọwọ́. Mísbáù bẹ̀rẹ̀ àlàyé Amẹ́ríkà. Ọ̀bẹ ni Alhaja ní kí wọ́n mú wá. Ó la inú ẹja kan, ó bá àrọ̀ kékeré méjì níbẹ̀. Bí wọn ò bá ṣa àrọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ńlá á máa gbé kékeré mì ni. Ikú ilé ló ń pa ẹja, Mísbáù ń dí ọ̀nà mọ́ ikú Amẹ́ríkà.

Alhaja ní kí awakọ̀ kó dúrọ́ọ̀mù padà sọ́kọ̀, òun ò mọ ọ̀nà ilé náà mọ́. Ojú ti Salimat débi pé ilẹ̀ ló ń wò. Ọkọ rẹ̀ kò ṣáà lè dákẹ́.

"Alhaja, ẹ tiẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tóbi."

Alhaja nu ọ̀bẹ.

"Wọn ò ṣe ní tóbi? Ọjà tí mo wá rà ni wọ́n jẹ."