Aago Tó Ju Ọwọ́ Mi Lọ

Ọjọ́ tí aago kan fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ àbúrò mi, ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi títí dọjọ́ alẹ́ mi. Ẹ má sì rò pé aago ara ògiri ni mò ń sọ o. Aago ọwọ́ ni. Ọwọ́ tèmi náà ló wà.

Bàtà ni mò ń tà ní ọjà Mile One, ní Diobu, Port Harcourt níbí. Òkìríkà ni, bàtà tí òyìnbó wọ̀ wọ̀ wọ̀ tó sú u, tó wá rọra dà á sínú ọkọ̀ ojú omi fún wa. Mi ò kàwé púpọ̀, ilé ìwé àti èmi tètè rí i pé a ò lè gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹsẹ̀ yín síwájú mi kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan, màá sọ sáìsì ẹ̀ láìfi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Bí bàtà bá sì tóbi jù fún oníbàárà, ṣé màá wá jẹ́ kó lọ ni? Màá já fóòmù díẹ̀, màá kì í bọ imú bàtà, màá ní, "Ọ̀gá, ẹ rìn ká wò ó." Bó bá dọ́hùn-ún tí bàtà ń sọ kúlú-kúlú lójú títì, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run ọba.

Kàmọ́rù àbúrò mi ní tiẹ̀, táìsì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ inú ilé ló ń lẹ̀. Ó lọ lẹ táìsì sílé kan ní Elekahia, ó bá ọmọbìnrin ìlú Isiokpo kan pàdé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pẹ́ṣẹ́ǹsì. Táìsì tán, ìfẹ́ ò tán. Ṣùgbọ́n bàbá Pẹ́ṣẹ́ǹsì, ọmọ ẹ̀yà Ikwerre pọ́ńbélé, ní òun ò mọ Yorùbá kankan rí, àfi èyí tó bá wọ aṣọ ìjọba. Ó ní kí ẹbí ọkọ wá, kí òun fojú ara òun rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn lọ́jọ́ náà, òun ní ọmọ àdúgbò kan nílẹ̀ tó ti ń fẹ́ ọmọ òun, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá wa sì ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ta wá ni ẹbí? Èmi yìí náà ni.

Kàmọ́rù ò jẹun mọ́. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra bí èèyàn pàtàkì. Ìgbésí ayé mi wà lọ́wọ́ yín."

Mo ní, "Lọ́wọ́ mi? Kò burú. Ọwọ́ náà la máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe."

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìféányì lọ, ẹni tó ń ta fóònù lọ́wọ́ iwájú wa, mo ní kó fi aago sìmáàtì hàn mí, irú èyí tó ń tàn yanran táwọn olówó ń fi ìka tẹ̀ lójú agbo. Ó gbé méjì jáde. Ọ̀kan kéré, ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí ọrùn ọwọ́ mi. Èkejì tóbi bí ìdérí agolo ìpara. Mo ní èló ni wọ́n? Ó ní iye kan náà ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló máa san iye kan náà, tó máa wá mú èyí tó kéré? Ìyá tó bí mi á yọ sí mi lójú oorun.

Ìféányì fi pìjìn sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín tín-ín-rín o. Ẹ wo bí ẹ̀gbẹ́ aago ṣe yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó nípọn ló ni ìyẹn."

Mo ní, "Ìféányì, ṣé aago lò ń tà àbí ìmọ̀ràn?"

Ó mi orí, ó so aago pọ̀ mọ́ fóònù mi, ó wá fi bọ́tìnnì kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní bí ewu bá dé, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n má yọwọ́, fóònù mi á pe ìyàwó mi fúnra ẹ̀. Mo ní ewu wo ló ń ṣe ẹni tó ní irú aago yìí?

Mo délé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo fa okùn aago dé ihò tó gbẹ̀yìn, síbẹ̀ mo gbé ọwọ́ sókè, aago sá dé ìgúnpá. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sá padà. Ó wá di pé aago ń rìnrìn àjò lára mi. Mo bá ronú bí oníbàtà: mo já fóòmù, mo kì í sábẹ́ ẹ̀. Ó dúró gbọn-in! Àmọ́ iṣẹ́ aago yìí náà ni pé kó máa ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù, fóòmù ló wá ń kà. Mo bọ́ ọ, mo gbé e lé orí bàtà kan kí n lọ wẹ ọwọ́, ìgbà tí mo padà dé, aago ní ọkàn bàtà ń lù dáadáa. Bàtà tó ti kú nílùú òyìnbó! Mo pe Ìyá Sùlíyà, ìyàwó mi, kó wá wò ó.

Ó ní, "Bàbá Sùlíyà, ara bàtà yẹn le jù yín lọ. Ẹ dá aago yìí padà. Ṣe ló dà bí ẹni fi ìdérí ìkòkò bo ife."

Bọ́tìnnì yẹn ò tún gbádùn. Nítorí pé aago gbòòrò ju ọwọ́ mi lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ ọwọ́ sẹ́yìn láti ti àpò bàtà, bọ́tìnnì á gún mi lẹ́yìn ọwọ́, fóònù á pe ìyàwó mi. Ó jókòó síwájú mi báyìí, fóònù ẹ̀ dún, ó gbé e, ó ní, "Ẹ̀ ń pè mí? Mo rèé." Ó yẹ kí n gbọ́n níbẹ̀. Mi ò gbọ́n.

Ọjọ́ pé. Èmi àti Kàmọ́rù wọ aṣọ funfun, mo tún ki fóòmù sábẹ́ aago, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Isiokpo. Mo na ọwọ́ sójú fèrèsé kí ayé lè rí aago, àṣé fóòmù ti rọ̀, aago ti yí sísàlẹ̀, okùn lásán ni ayé ń rí. A dé agbo ilé, a bá bàbá Pẹ́ṣẹ́ǹsì lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú, àṣà iṣẹ́ ni. Háà! Ẹsẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, láìwọ nǹkan kan. Lókè ẹ̀ ni ọkùnrin gàgàrà kan wà tí kò rẹ́rìn-ín.

Èmi àti àbúrò mi ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílé wa, bí ẹni bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó, kì í dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Ohun tá ò rò ni pé àwọn ará ibẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò mọ̀ pé ẹnu òun là ń wò. Ó dúró, ó ń wò wá. Àwa sùn, à ń retí. Òun rò pé bí a ṣe ń ṣe tiwa nìyẹn, ó ń dúró ká ṣe é tán.

Mo rọra ní, "Kàmọ́rù, ṣé ká dìde?"

"Bọ̀dá, ẹ má dán an wò! Tá a bá dìde láìgbàṣẹ, ó parí nìyẹn."

Iyanrìn wọ̀ mí lẹ́nu. Adìẹ kan wá wo etí mi bóyá ó ṣeé jẹ. Ọwọ́ mi sì tẹ̀ sẹ́yìn pátápátá lórí ilẹ̀, bọ́tìnnì aago wọnú ẹran ara mi ṣinṣin. Nínú àpò mi, fóònù ti ń bá Ìyá Sùlíyà sọ̀rọ̀ ní Mile One.

Ohun tó gbọ́ rèé, bó ṣe rò ó fún mi. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan bí ààrá, ní pìjìn, "Àwọn méjì yìí, ta ló là wọ́n mọ́lẹ̀?" Ó gbọ́ obìnrin kan, "Wọn ò fẹ́ dìde." Ó gbọ́ tèmi tí iyanrìn há lọ́nà ọ̀fun, "Pápá, ẹ jọ̀ọ́, a bẹ̀ yín." Ó wá gbọ́ ààrá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ wá!" Fóònù sì kú.

Obì ni bàbá fẹ́ fi ọ̀bẹ là o! Wọ́n kì í fọwọ́ pa obì lásán níbẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń là á fún àlejò. Ṣé fóònù lè ṣàlàyé ìyẹn?

Pẹ́ṣẹ́ǹsì ló yọ wá. Ó jáde láti ilé ìdáná, ó fọwọ́ lé orí, ó fi èdè wọn ṣàlàyé fún bàbá ẹ̀ pé àṣẹ ẹ̀ là ń dúró dè. Bàbá ní, "Ẹ dìde! Ṣé ẹnu ò sí lẹ́nu yín ni?" A dìde, aṣọ funfun ti di aṣọ birikìlà. Wọ́n fún wa ní àga, wọ́n wúre lórí obì fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó pín in. Bàbá wá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi lọ́dọ̀ yín, ta ló máa sáré wá?"

Ìbéèrè tó rọrùn! Mo na ọwọ́ sókè bí amòfin kí ọ̀rọ̀ lè wúwo, aago sá lọ sí ìgúnpá, fóòmù já bọ́ sínú àwo obì. Bàbá fi ìka méjì mú un.

"Kí lèyí?"

Mo ní, "Pápá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni." Kàmọ́rù di ojú.

Ó tẹ̀ ẹ́, fóòmù wú padà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo aago, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ẹni tó ń fi fóòmù ti aago kó lè dúró, kí ló fi ń ti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀?" Ó gbá ọwọ́ lé orúnkún láti dìde. Mo wo Kàmọ́rù, omi ti lé sójú ẹ̀. Pẹ́ṣẹ́ǹsì ti kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọmọ àdúgbò ti jẹ ẹ́.

Àfi gbìrìgbìrì! Bọ́ọ̀sì kan ya wọnú agbo ilé, kò tí ì dúró tí èèyàn ti ń já bọ́ lára ẹ̀. Gbogbo òǹtajà ọ̀wọ́ wa ni, Yorùbá, Ìgbò, Ikwerre, ẹni mú igi, ẹni mú ìgbálẹ̀. Ìyá Sùlíyà ló ṣíwájú, gèlè ti wà lọ́rùn, bàtà sójà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó ké, "Ẹ tú ọkọ mi sílẹ̀!", ó sì ju bàtà. Bàtà fò kọjá orí mi, ó balẹ̀ gbì síwájú bàbá Pẹ́ṣẹ́ǹsì.

Ìyàwó mi wá rí mi lórí àga.

"Bàbá Sùlíyà, obì lẹ̀ ń jẹ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, obì kún ẹnu mi.

Bàbá ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàtà ló ń wò. Ó gbé e, ó yí i padà, ó wá ki ẹsẹ̀ ńlá yẹn bọ̀ ọ́. Ó wọlé ṣinṣin bí ọ̀bẹ sínú àkọ̀! Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dàgbà, òun ò tí ì rí bàtà tó gba òun. Ó ní sáìsì mélòó ni? Mo ní mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, láti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní, "Àṣé o mọ sáìsì ẹsẹ̀. Ti ọwọ́ ni o ò mọ̀." Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí eyín ẹ̀. Ó wá wo àwọn ará bọ́ọ̀sì, ìgbálẹ̀ ṣì wà lókè. "Gbogbo yín yìí, nítorí ọkùnrin kan tó sùn sílẹ̀?"

Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àwọn yòókù ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́."

Bàbá wo Pẹ́ṣẹ́ǹsì, ó wo Kàmọ́rù. "Ẹsẹ̀ bàtà kejì ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, sà."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá gbé ìyàwó yín, ẹ mú un dání."

Kàmọ́rù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo gbá a mú ní kọ́là. Mo ní, "Dúró níbẹ̀! Dúpẹ́ lórí ìdúró."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé, kò sì gba ìwé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra aago sìmáàtì, ẹ má wo iye tí wọ́n ń pè é, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ fi okùn yí ọrùn ọwọ́ yín ká, kẹ́ ẹ mú okùn náà lọ sọ́jà. Ojú aago ò gbọdọ̀ yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá dè é, kí ìka kan lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, kí méjì má lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Yorùbá, ẹ tẹ ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bí bọ́tìnnì bá kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ẹ sá.

Èmi ti padà mú èyí tó kéré. Ìyàwó mi gba ńlá yẹn, ó bá ọwọ́ ẹ̀ mu gẹ́lẹ́, mi ò sì jẹ́ sọ ìdí ẹ̀ síta nítorí mo ṣì fẹ́ máa jẹun nílé yẹn. Ní Mile One, títí dòní, bí mo bá ń kọjá, àwọn ará bọ́ọ̀sì ọjọ́sí á na ìgbálẹ̀ sókè, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣé ká máa bọ̀?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni mo gbé ẹ̀rín wọ̀lú, ẹ̀rín náà sì ti wá tóbi jù mí lọ.