Kọ́ìlì Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Láwàl

Ata rodo tí Kafilat ń kó lọ sọ́jà Ìkàrẹ́ ti ń rọ̀ nínú oòrùn, lẹ́yìn ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù Láwàl, ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ òkè Ọ̀kà. Láwàl ò jẹ́ kí wọ́n pe mẹkáníìkì. Ó ní òun mọ àrùn tó ń ṣe é, ó wá rán ìyàwó rẹ̀ lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin ní Ìkàrẹ́. Bí Kafilat ṣe padà dé, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó na ọ̀rá kan sí i.

"Mẹ́rin pé. Ẹ gbà."

Láwàl fa páálí kan yọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Kafilat, kí nìyí?"

"Kọ́ìlì tẹ́ ẹ ní kí n rà. Wọ́n ní eléyìí ló ń pa ẹ̀fọn jù."

"Ẹ̀fọn! Ṣé ẹ̀fọn ló so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni? Kọ́ìlì tó ní iná ni mo wí!"

"Ẹ ṣáná sí i, ẹ ó rí iná. Bàbá Munir, mo bi yín pé kọ́ìlì wo. Ẹ ní ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń ṣàlàyé fún obìnrin ni. Mo wá ra èyí tí obìnrin mọ̀."

Láwàl pòṣé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa kọ́ìlì kan tu lórí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wa iṣu. "Lajú ẹ! Òun ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ló ti kú."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé jàǹbá ọkọ̀ ni?"

"O ò mọ nǹkan kan!" Ó fi ìbínú fa èkejì. Pó! Orí wáyà kán sí i lọ́wọ́.

"Kí ló kán yẹn?"

"Kò ṣe nǹkan."

"Mo rí i pé kò ṣe nǹkan mọ́. Kó tó kán ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

"Fi mí lọ́rùn sílẹ̀! Ọkọ̀ yìí ni kì í gbọ́ràn."

"Ẹ pè é dáadáa. Ọkọ ni."

Kafilat tú ẹnu àpò kan wò. Ata ti ń ṣomi. Ọwọ́ tó fi ká a ṣì ń ta á, Láwàl sì ń wá ibi tí wáyà tó kán ti jáde. Kafilat já sójú títì, ó dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìkàrẹ́ dúró, ó ru àpò rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó síwájú.

Láwàl yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Kafilat! O fẹ́ fi mí sílẹ̀? Ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọkọ̀? Olè pọ̀ lọ́nà yìí!"

Kafilat yọjú ní fèrèsé.

"Olè tó bá lè mú ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́, ẹ má pariwo lé e lórí o. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."