Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Já Nínú Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Bí mo bá dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ó ṣì máa rántí ọjọ́ náà, nítorí àwọn ẹbí mi ò ní jẹ́ kí n gbàgbé. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bá fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Lọ́kọ́ja lásán, á kọ́kọ́ bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ wà á.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Àbúrò mi obìnrin, Fúnmi, ń gbé ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún keje tí wọ́n ti fẹ́ra ni Ọlọ́run tó ṣíjú wò wọ́n, tí Fúnmi lóyún. Dókítà ní kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ líle rárá, ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkọ náà kì í sì í tètè délé láti ibi iṣẹ́. Màmá nìkan ló kù tó lè lọ dúró tì í, kó bá a wẹ ọmọ, kó sì jẹ́ kí òun náà rí oorun sùn. Ìwé àṣẹ ìrìnnà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Màmá gbéra ló bá ní òun ò lọ mọ́.

"Mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Aiyewa dé Kabba rí, nígbà tí mo wà lọ́mọge," ó ní. "Mo ti gun kẹ̀kẹ́. Mo ti jókòó lórí iṣu nínú lọ́rì. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Èyí tí ẹ ní kí n wọ̀ yìí, kí ló dì í mú lókè?"

Fúnmi sunkún lórí fóònù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé oògùn ẹ̀rù Màmá wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ kọ́ ni mo pa nígbà yẹn o. Irọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Kabba. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi géèmù kan ṣeré, èyí tí èèyàn fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ náà jọ òótọ́ gan-an, òkè àti odò inú rẹ̀ sì jọ ti ayé yìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Dáre, tí òun náà jẹ́ tíṣà ní Mopa, la jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó pẹ́ tí a ò ti wa ọkọ̀ mọ́. Nọ́ńbà là ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kì í ya àwòrán kan ṣoṣo kó fi sílẹ̀. Ńṣe ló ń ya òmíràn lé òmíràn, bí ẹni ń ṣí ìwé wàràwàrà. Férémù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá lè ya ọgọ́ta férémù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ á máa lọ geerege. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá péré ló lè yà, ọkọ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ bí arúgbó tó ń gun àkàbà. Nọ́ńbà náà máa ń hàn ní igun òkè lójú kọ̀ǹpútà. Bí Dáre bá pè mí láàárọ̀, kó tó kí mi ní èdè wa pé "Okun o," á ti bèèrè pé, "Férémù mélòó?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá kọ ìrìn-àjò yẹn gan-an ni Dáre ra káàdì tuntun, ìyẹn káàdì tó ń bá kọ̀ǹpútà ya àwòrán. Ó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù: méjìdínlọ́gọ́ta. Tèmi kì í kọjá méjìlélógún, ìyẹn bí mo bá ṣí ìdérí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ tí mo sì kọjú fáànù ńlá sí i. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọkùnrin míì ń jowú oko ọ̀rẹ́ rẹ̀, òmíràn ń jowú aya. Mo gbé ọkọ̀ mi sókè, mo kọ imú rẹ̀ sí ojú ọ̀run gbalasa níbi tí kò sí igi, tí kò sí ilé, tí kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà máa yà. Férémù fò dé ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ya fọ́tò igun ibẹ̀ nìkan, mo fi ránṣẹ́.

Dáre dáhùn pé, "Irọ́ lo ń pa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti fojú ara mi rí i."

Ẹ fi Dáre sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo pe Màmá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo dín gbogbo nǹkan kù kí ọkọ̀ lè máa lọ jẹ́jẹ́. Kò sí ìkùukùu, kò sí òjìji, ilé dà bí páálí. A gbéra ní Abuja. Màmá di apá mi mú bí ẹni tó fẹ́ fà á já. Nígbà tó yá, ó tú u sílẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí àwọn igi yìí ò léwé?"

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, Màmá."

"Ní gbogbo ayé?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní, "Tóò. Kò ju báyìí lọ? Ó mà dára ju mọ́tò ọ̀nà Iyamoye lọ, kò sí kòtò níbẹ̀." Ó ní òun á lọ. Ó tún ní kí n fi han àwọn ẹbí lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá wá ṣàdúrà fún òun, kí wọ́n lè mọ irú nǹkan tí wọ́n ń gbàdúrà lé lórí. Iṣẹ́ mi ti parí. Ká ní mo ti pa kọ̀ǹpútà yẹn kí n sì lọ sùn ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ibi tó dé.

Sátidé pé. Nílé wa, ìdajì ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìdajì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ rìnrìn àjò, gbogbo wa la máa ń kóra jọ. Bàbá Sálíù, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá mi, tí òun sì ni olórí ilé, jókòó sórí àga tó tóbi jù pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́. Àǹtí Rúùtù, àbúrò Màmá, gbé Bíbélì wá. Òun náà ló di fóònù mú tí Fúnmi wà lórí rẹ̀, kí ó lè máa ṣe àmín láti Kánádà. Dáre wọlé ní tirẹ̀, eruku ọ̀nà Mopa bo ojú rẹ̀. Ó kí àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó sọ sí mi létí pé, "Férémù mélòó?"

Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Mo ti ní i lọ́kàn láti lo ètò kékeré tí mo lò fún Màmá, ṣùgbọ́n bí Dáre bá rí ilé tó dà bí páálí, àṣírí mi tú. Mo ní nínú ara mi pé kọ̀ǹpútà yìí á gbìyànjú lónìí, níwájú àlejò. Mo fi ewé sí igi. Mo fi òjìji sí ilé. Mo fi ìkùukùu sójú ọ̀run. Gbogbo ohun tó ṣeé gbé sókè, mo gbé e sókè. Mo wá kọjú fáànù pálọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà, nínú ooru oṣù Kẹta.

"Ṣé kì í ṣe wa ni fáànù wà fún?" Bàbá Sálíù bèèrè, òógùn ti ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó nílò atẹ́gùn jù yín lọ."

Mo gbéra. Mo sọ fún wọn pé a máa kọjá lórí Kabba wa níbí, inú gbogbo wọn sì dùn. Mo wo igun òkè: mọ́kàndínlógún. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: mẹ́tàlá. Dáre wúkọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́. Á sún síwájú, á dúró, á tún sún.

"Kí ló dé tó dúró?" Bàbá Sálíù bèèrè.

"Kò dúró sà. Ó ń lọ."

"Ṣé ojú mi ni?"

Mo wo Màmá. Ó ti gbá etí aṣọ rẹ̀ mú. Nọ́ńbà ti di mẹ́fà. Èmi kò wo iwájú mọ́, nọ́ńbà yẹn ni mo tẹjú mọ́, mò ń yọ ìkùukùu, mò ń yọ ewé. Ìgbà tí àwòrán fi máa padà wá, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú wa ti wà níwájú ọkọ̀ gbọnrangandan, a tilẹ̀ lè ka àpáta ara rẹ̀. Mo fa ọ̀pá ìtukọ̀. Ọwọ́ mi lọ, àwòrán ò tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ fi orí sọ òkè.

Lẹ́tà pupa gàdàgbà jáde lójú kọ̀ǹpútà. Àǹtí Rúùtù, tí a ò bẹ̀ níṣẹ́, kà á sókè, ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ọkọ̀ ti já. Ó ní kò sí ẹni tó yè." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni kọ̀ǹpútà kú piii, òórùn iná sì gba pálọ̀.

Ohùn Fúnmi ló jáde látinú fóònù: "Kí ló já? Àǹtí, ẹ dá mi lóhùn, kí ló já?"

Bàbá Sálíù ká tẹ̀súbà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Lórí òkè tiwa," ó ní. "Lọ́jọ́ àdúrà. Kai! Àmì ni, àmì tó sì yé èèyàn ni. Ìyàwó wa ò lọ sí ibì kankan mọ́."

"Iná ló fà á sà," mo sáré sọ.

"Iná wà. Fáànù ń yí."

Lóòótọ́, fáànù ń yí. Gbogbo wa jọ wò ó.

Màmá dìde wọ yàrá. Mo tẹ̀ lé e. Ó ti ṣí àpò ìrìn-àjò rẹ̀, ó ń kó nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sunkún, kò bínú. Ó mú ọ̀já kan jáde, aṣọ òfì tí òun alára hun, tí ó fẹ́ fi pọn ọmọ náà. Ó nà án, ó ká a, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ tí Fúnmi ń sunkún ní pálọ̀. Ojú tì mí. Torí nọ́ńbà kan ni àbúrò mi fẹ́ dá bímọ sílẹ̀ òkèèrè láìsí ìyá rẹ̀. Mo di ọwọ́ Màmá mú, mo fà á padà sí pálọ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo wọn.

"Kì í ṣe àmì," mo ní. "Èmi ni. Kọ̀ǹpútà mi ò lágbára. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo dín ẹrù rẹ̀ kù, ó fò dáadáa, Màmá rí i. Lónìí mo di ẹrù tí kò lè gbé lé e lórí, kí Dáre má bàa mọ̀ pé mo purọ́ fún òun. Irọ́ ni fọ́tò ọgọ́ta yẹn, Dáre. Ojú ọ̀run lásán ni mo yà."

Dáre ní, "Mo mọ̀." Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú àánú ló fi wò mí, ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Bàbá Sálíù tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ṣe é?"

"Èmi ni sà."

"Kí ọ̀rẹ́ rẹ lè rí nọ́ńbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Haba!"

Màmá kọjú sí mi. "Ṣé ó dá ọ lójú pé ọwọ́ rẹ ni?" ó bèèrè. Mo ní ó dá mi lójú. Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti rò pé ọwọ́ Ọlọ́run ni. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tìrẹ ni, kò lè dà mí láàmú, mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o ti ń fọ́ àwo mi." Ó wọ yàrá, a sì gbọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sínú àpò.

Àdúrà wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àǹtí Rúùtù gba tirẹ̀, Fúnmi ń ṣe àmín láti Kánádà tòun ti ẹkún. Nígbà tó kan Bàbá Sálíù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ọlọ́run, ẹni tó máa wa ọkọ̀ ìyàwó wa, má jẹ́ kó ní ọ̀rẹ́ ní Mopa." Àmín tí gbogbo wa ṣe mì pálọ̀, ti Dáre ló sì ròkè jù.

Màmá lọ, ó sì dé láyọ̀. Kọ̀ǹpútà mi kò jí mọ́, mi ò sì tíì ra òmíràn. Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀: bí o bá ń mú ẹlẹ́rù kọjá odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o máa wò, má wo ẹni tó dúró sétí odò tó ń wò ọ́. Èmi wo etí odò, díẹ̀ ló kù kí n sọ gbogbo wa sómi.

Fúnmi bí obìnrin. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ náà lórí fóònù, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán, ara rẹ̀ ń dán. Ó gbé e sún mọ́ fóònù, ó ní, "Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ nìyẹn. Òun ló kù díẹ̀ kó jẹ́ kí o máa dá wẹ ara rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín.